Ìtọ̀ tó ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prọ́sítéètì: ìdárayá, ọ̀já, ẹ̀rọ adènà tàbí stem cell, èwo ló yẹ yín?

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá fa rọ́bà ìtọ̀ jáde lára ọkùnrin tí wọ́n yọ prọ́sítéètì rẹ̀ nítorí jẹjẹrẹ, ọ̀pọ̀ ló máa ń rí i pé ìtọ̀ ò gbọ́ràn sí òun lẹ́nu mọ́. Kò ní tíì dé ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù tí ṣòkòtò á ti tutù. Ìtìjú kì í jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, ibi tí ẹnu bá sì ti dákẹ́ ni oníṣòwò ti ń ráyè. Ẹni tó bá wá ìrànlọ́wọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ìpolówó abẹ́rẹ́ stem cell, ìyẹn sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ tó lè di oríṣiríṣi ẹran ara, lè kò ó lójú kó tó rí ẹnì kan tó máa sọ fún un pé ìdárayá kan wà tí kì í náni ní kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gan-an: ní Britain, ọkùnrin dúdú 1 nínú 4 ni jẹjẹrẹ prọ́sítéètì máa ń mú láyé rẹ̀, nígbà tó jẹ́ 1 nínú 8 fún gbogbo ọkùnrin lápapọ̀.

Gbogbo ọ̀nà tó wà la máa gbé sórí òṣùwọ̀n kan náà níhìn-ín. A ò ní yọ stem cell sọ́tọ̀ bí ọmọ ọba.

Irú jíjò wo là ń sọ?

Oníbodè méjì, ìyẹn iṣan tó ń fún ọ̀nà ìtọ̀ pọ̀, ló ń ṣọ́ ìtọ̀ ọkùnrin. Èkíní wà lọ́rùn àpò ìtọ̀, ó ń dá iṣẹ́ ṣe láìdúró de àṣẹ wa. Èkejì wà nísàlẹ̀ prọ́sítéètì, òun la máa ń fún pọ̀ nígbà tí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wá tí a ò sì tíì délé. Bí wọ́n bá yọ prọ́sítéètì, oníbodè àkọ́kọ́ sábà máa ń bá a lọ. Èkejì nìkan ló kù, òun náà ti wú, àwọn iṣan tó ń gbé ìròyìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ti fara gbá. Nítorí náà, bí ènìyàn bá wúkọ́, tó rẹ́rìn-ín, tó dìde lórí àga tàbí tó gbé kẹ́ẹ̀gì omi, agbára inú ikùn á borí oníbodè kan ṣoṣo yìí, ìtọ̀ á sì yọ.

Irú jíjò yìí nìkan ni ìfiwéra yìí wà fún. Bó bá jẹ́ pé ṣe ni ìtọ̀ ń gbọ̀n yín lójijì tí ẹ ò sì lè sáré dé ilé ìtọ̀, àpò ìtọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń fún pọ̀. Ìtọ́jú tirẹ̀ yàtọ̀. Bó bá jẹ́ pé ìtọ̀ ń kán tótó ṣùgbọ́n tí ẹ bá fẹ́ tọ̀ kò ní ipá, ó lè jẹ́ àpá ló dí ojú ibi tí wọ́n rán pọ̀, àpò ti kún, àkúnwọ́sílẹ̀ ló ń dà. Àpá yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ tọ́jú.

Ẹ jẹ́ ká yà díẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn obìnrin. Bí ìtọ̀ bá ń dà tọ̀sán-tòru lẹ́yìn tí wọ́n fi abẹ gbẹ̀bí tàbí tí wọ́n yọ ilé ọmọ, láìdúró de ikọ́ tàbí ẹ̀rín, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ihò ló wà láàárín àpò ìtọ̀ àti ojú ara, èyí tí wọ́n ń pè ní VVF. Rírán ni wọ́n máa ń rán an. Ní Nàìjíríà, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà fún un ní Abákálíkì, ní Kàtsínà àti ní Ningi ní ìpínlẹ̀ Bauchi. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì dí irú ihò bẹ́ẹ̀ fún yín, ẹ dìde ńbẹ̀.

Ohun tí a máa fi wọ̀n wọ́n

Àkọ́kọ́ ni bí ìtọ̀ tó ń jò ṣe pọ̀ tó, "ó pọ̀" kì í sì í ṣe ìdáhùn. Òṣùwọ̀n ilé ìdáná tó ń ka gíráàmù ti tó. Ẹ wọn páàdì gbígbẹ kan, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Láti aago 7 àárọ̀ títí di aago 7 àárọ̀ ọjọ́ kejì, gbogbo páàdì tí ẹ bá bọ́, ẹ jù ú sínú ọ̀rá kan ṣoṣo, kí ẹ sì dì í lẹ́nu kó má gbẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ẹ yọ ìwọ̀n àwọn páàdì gbígbẹ kúrò. Bí páàdì 3 tó jẹ́ gíráàmù 40 lọ́kọ̀ọ̀kan bá di gíráàmù 420, ẹ yọ 120, ìtọ̀ tó jò jẹ́ gíráàmù 300, ìyẹn bíi mílílítà 300. Bí kò bá tó 200, jíjò kékeré ni. 200 sí 400 jẹ́ àárín. Tó bá ju 400 lọ, ó pọ̀. Àwọn dókítà kan máa ń fi ààlà yìí síwá tàbí sẹ́yìn díẹ̀. Ẹ ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ ṣiṣẹ́ tí ẹ sì rìn bó ṣe yẹ. Ọjọ́ tí ẹ sùn sílé láti àárọ̀ dalẹ́ máa ń purọ́.

Àwọn ìbéèrè yòókù kò gùn. Oṣù mélòó ló ti kọjá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ? Ṣé wọ́n ti fi ìtànṣán radiotherapy jó ibẹ̀? Ṣé ọwọ́ yín ṣì gbọ́ iṣẹ́ wẹ́wẹ́, ṣé ọpọlọ sì jí pépé? Èló lẹ máa san lẹ́ẹ̀kan, èló lẹ ó sì máa san lọ? Bó bá bàjẹ́, ta ló máa tún un ṣe? Èyí tó kẹ́yìn ni wọ́n sábà máa ń gbàgbé: ṣé wọ́n ti gbé ìtọ́jú yìí wé nǹkan mìíràn rí, àbí àwọn tó ń tà á nìkan ló ń jẹ́rìí sí i?

Ìdárayá iṣan ìdí

Ọ̀fẹ́ ni, àyàfi bí ẹ bá fẹ́ kí fisiọ́ kọ́ yín, owó yẹn kì í sì í ṣòfò, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tó ní àwọn ti ṣe é tí kò ṣiṣẹ́ kò fún iṣan tó yẹ pọ̀. Ìdí ńlá, itan tàbí ikùn ni wọ́n ń fún. Ẹ dúró níwájú dígí láìwọ ṣòkòtò. Ẹ ṣe bí ẹni fẹ́ mú ìtọ̀ dúró tó sì tún fẹ́ mú ìsó mọ́ra lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ṣe é dáadáa, ìdí nǹkan ọkùnrin á sún wọlé díẹ̀, àpò ẹpọ̀n á gòkè, itan àti ikùn ò sì ní mira. Ẹ máa mí, ẹ má sé èémí.

Ẹ fún un pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 (bó bá jẹ́ 4 lẹ lè ṣe, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀), ẹ sinmi fún iye kan náà, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹwàá. Ẹ fi kíákíá mẹ́wàá mìíràn tẹ̀ lé e: fún, tú, fún, tú. Ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ kọ́kọ́ ṣe é ní ìdùbúlẹ̀, lẹ́yìn náà ní ìjókòó, kí ẹ tó ṣe é ní ìdúró, nítorí ìdúró ni ìtọ̀ ń jò jù. Èyí tó ń so èso kíákíá jù ni kí ẹ fún un pọ̀ *kí* ẹ tó wúkọ́, *kí* ẹ tó dìde. Ẹ má sọ ọ́ di àṣà láti máa já ìtọ̀ láàárín nígbà tí ẹ bá ń tọ̀. Ìtọ̀ lè máa ṣẹ́ kù sínú.

Ó tó oṣù mẹ́ta kí ẹ tó lè sọ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ara ọ̀pọ̀ ọkùnrin a máa yá sí i títí di oṣù kejìlá, ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi í sáré gbé abẹ. Ẹni tí wọn ò tíì ṣe iṣẹ́ abẹ fún lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ìsinsìnyí.

Ohun tí ẹ ó máa lò ní báyìí ná

Páàdì rọrùn, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kì í tán. Ẹni tó ń lo mẹ́rin lójúmọ́ á lo nǹkan bí 1,460 lọ́dún. Ẹ fi iye tí wọ́n ń ta ọ̀kan ládùúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó sọ pé iṣẹ́ abẹ ti wọ́n jù. Kọ́ńdọ̀mù ìtọ̀, èyí tó ní ọ̀pá tó lọ sínú àpò lẹ́sẹ̀, dára fún ẹni tó ń rin ìrìn àjò Ìbàdàn sí Àbújá nínú bọ́ọ̀sì. Ẹ wọn nǹkan ọkùnrin kí ẹ tó rà á, torí èyí tó fún jù á pa ara, èyí tó tóbi á yọ. Ẹ má fi òróró tàbí ìpara síbẹ̀, kò ní lẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ní wákàtí 24. Ìdìmú kan tún wà tí wọ́n ń fi há nǹkan ọkùnrin bí ẹni fi péègì há aṣọ: ẹ gbọ́dọ̀ tú u ní wákàtí méjì-méjì, ẹ ò gbọdọ̀ fi sùn, ẹni tí ṣúgà bá sì ti pa ìmọ̀lára ibẹ̀ kò gbọdọ̀ lò ó rárá, ara lè kú lábẹ́ rẹ̀ láìmọ̀.

Ẹ má torí pé ẹ fẹ́ gbẹ kí ẹ wá jáwọ́ omi mímu. Ìtọ̀ tó bá ki máa ń ta àpò.

Hóró oògùn àti abẹ́rẹ́ afúnnà

Duloxetine máa ń ran àwọn kan lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn ò fún un láṣẹ fún jíjò ìtọ̀ ọkùnrin, dókítà ló máa fi ìmọ̀ ara rẹ̀ kọ ọ́. Èébì, ẹnu gbígbẹ àti àárẹ̀ ló ń mú kí ọ̀pọ̀ jáwọ́. Ẹni tó bá ti lò ó pẹ́ kò gbọdọ̀ já a lójijì. Ní ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń mú ògiri ọ̀nà ìtọ̀ wú kí ọ̀nà lè fún, kì í pẹ́ tí agbára rẹ̀ fi ń lọ lára ọkùnrin, ẹ ó sì máa padà lọ gbà á. A ò rí ìdí tí ẹni tí ara rẹ̀ le fi máa mú un.

Ọ̀já

Bí ìyá ṣe ń fi ọ̀já gbé ọmọ pọ̀n ni èyí ṣe rí: aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi okùn rọ́bà hun ni wọ́n ń gbà láàárín ẹsẹ̀ kọjá lábẹ́ ọ̀nà ìtọ̀, láti tì í lẹ́yìn tàbí gbé e sókè. Kò sí ohun tí ẹ máa tẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa tú. Àmọ́ oníbodè kejì gbọ́dọ̀ ṣì ní agbára díẹ̀, nítorí náà ẹni tí jíjò rẹ̀ jẹ́ kékeré tàbí àárín ló wà fún. Ẹni tí wọ́n ti fi ìtànṣán jó, èrè rẹ̀ kéré.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ ló ń bà á jẹ́. Kí ọ̀já tó dì mọ́ ara, lílósòó, yíya ẹsẹ̀ gbàgbà àti gbígbé ẹrù wúwo lè fà á kúrò ní àyè rẹ̀. Ẹni tó ń lo ṣáláńgá àlósòó tàbí tó ń kírun, kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà ṣáájú iṣẹ́ abẹ bí yóò ṣe máa ṣe é. Àga pọ́ọ̀ lórí ṣáláńgá ti gba ọ̀pọ̀ sílẹ̀. Ìtọ̀ lè há fún ọjọ́ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sábà máa ń lọ.

Ẹ̀rọ adènà

Brantley Scott ló kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ sí ara ènìyàn ní Houston ní Amẹ́ríkà, ní 1972. AMS 800, èyí tí ó wọ́pọ̀ jù títí dòní, jáde ní 1983. Apá mẹ́ta ló ní, omi ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, kò sí bátìrì: òrùka tó yí ọ̀nà ìtọ̀ ká, bàlúù kékeré tó fara pamọ́ sínú ikùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìtọ̀, àti pọ́ǹpù nínú àpò ẹpọ̀n. Bí ẹ bá fẹ́ tọ̀, ẹ wá pọ́ǹpù, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà díẹ̀ títí tó fi rọ̀. Omi inú òrùka á sá lọ sínú bàlúù, ọ̀nà á ṣí. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, omi á padà fúnra rẹ̀, ọ̀nà á tún dì. Wọn kì í tan án lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ; ó di ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 tí ara bá ti san. Àwọn kan a bínú pé ẹ̀rọ ò ṣiṣẹ́ láàárín ìgbà yẹn.

Òun ló lágbára jù fún jíjò tó pọ̀. Òun náà ló wọ́n jù nínú àwọn tó ní ẹ̀rí. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ló máa padà sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ láàárín ọdún márùn-ún, bóyá nítorí pé omi ti jò, ara abẹ́ òrùka ti fẹ́ẹ́rẹ́, tàbí kòkòrò ti wọ̀ ọ́. Bí òrùka bá jẹ ara wọ ọ̀nà ìtọ̀, yíyọ ni. Ewu yìí pọ̀ sí i lára ẹni tí wọ́n fi ìtànṣán jó.

Àṣìṣe tó ń ba ẹ̀rọ yìí jẹ́ kì í sábà jẹ́ ti oníṣẹ́ abẹ tó fi í síbẹ̀. Ó lè jẹ́ ti nọ́ọ̀sì kan ní wọ́ọ̀dù pàjáwìrì, tí wọ́n gbé aláìsàn wá torí ibà tàbí jàǹbá ọkọ̀, tí ó sì ti rọ́bà ìtọ̀ wọlé láìmọ̀ pé òrùka wà níbẹ̀. Bọ́tìnì kékeré kan wà lára pọ́ǹpù tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ ní ìṣíṣí kí rọ́bà tó wọlé, rọ́bà náà sì gbọ́dọ̀ kéré kó má sì pẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi káàdì sínú pọ́ọ̀sì. Ẹ sọ fún ìyàwó àti àwọn ọmọ. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù tó ń múra láti padà sílé fi ìgbà ogbó jẹ̀gbádùn, kí ó béèrè ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà nítòsí ìlú tó ń lọ *kí* wọ́n tó fi í sí i lára. Ẹni tí ìka rẹ̀ ti ń gbọ̀n tàbí tó ti ń gbàgbé nǹkan, ẹ̀rọ yìí lè di ìṣòro fún un.

Ìwádìí MASTER ní Britain, tó jáde ní 2021, ṣẹ́ kèké fún ọkùnrin 380: ọ̀já fún àwọn kan, ẹ̀rọ fún àwọn yòókù. Lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n fi ìbéèrè tó le gan-an wò wọ́n, pé ṣé ẹ̀kán kan tiẹ̀ ṣì ń jò. 87% àwọn tó gba ọ̀já ní bẹ́ẹ̀ ni, 84% àwọn tó gba ẹ̀rọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni. Síbẹ̀ jíjò ti dín kù púpọ̀ ní ìhà méjèèjì, inú àwọn tó gba ẹ̀rọ sì dùn jù. Ẹni tó bá ṣèlérí gbígbẹ táútáú fún yín, ẹ rántí nọ́ńbà yìí.

Stem cell

Èrò tó wà nídìí rẹ̀ dára: dípò kí a fi òrùka tàbí ọ̀já ran oníbodè kejì lọ́wọ́, kí a tún un kọ́. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ti ń gbà. Nínú èkíní, wọ́n á gé ẹran kékeré lára itan, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ilé ìwádìí, wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ pọ̀ sí i fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ gún un padà sínú iṣan oníbodè náà. Nínú èkejì, tí àwọn dókítà Nagoya ní Japan ṣáájú nínú rẹ̀, ọ̀rá ikùn ni wọ́n ń fà, bíi mílílítà 250. Ẹ̀rọ á yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Díẹ̀ lọ sínú iṣan. Ìyókù ni wọ́n pò mọ́ ọ̀rá tí wọ́n gún sábẹ́ awọ ọ̀nà ìtọ̀.

Ẹ wo gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn dáadáa. Ọ̀rá tí a gún sábẹ́ awọ ń mú ọ̀nà fún, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ afúnnà tí a ti sọ lókè. Bí ìtọ̀ bá wá dín kù, ṣé sẹ́ẹ̀lì ló ṣe é ni, àbí ọ̀rá? Nínú ìdánwò ńlá tí wọ́n ṣe fún ọkùnrin 45 ní Japan, kò sí ẹgbẹ́ kejì tí wọ́n lè fi wé e. Àwọn tí jíjò wọn dín kù ju ìdajì lọ lẹ́yìn ọdún kan kò tó ìdajì wọn.

Ti sẹ́ẹ̀lì itan ní ẹgbẹ́ kejì, èyí sì ni ẹ̀kọ́ tó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Obìnrin ni wọ́n fi ṣe é: àwọn kan gba sẹ́ẹ̀lì tiwọn, àwọn kan gba abẹ́rẹ́ tí kò ní sẹ́ẹ̀lì kankan nínú, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí òun gbà. Àwọn tó gba sẹ́ẹ̀lì, 52% ló sàn dé ibi tí wọ́n fi ààlà sí. Àwọn tó gba abẹ́rẹ́ òfìfo, 53.6%. Nítorí náà, bí ilé ìtọ́jú kan bá fi fídíò aláìsàn mẹ́wàá hàn yín tí márùn-ún nínú wọn ń yọ̀, òótọ́ ni wọ́n lè máa sọ, kò sì ní fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì ṣe ohunkóhun. Ó dà bí ẹni pé àwọn obìnrin tó ti ṣe iṣẹ́ abẹ rí ni wọ́n jàǹfààní díẹ̀ nínú ìdánwò yẹn, ìyẹn ló mú kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò mìíràn fún irú wọn. Ìbéèrè ṣì ni, kò tíì di ìdáhùn.

Ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ti ní àbàwọ́n. Ní 2007, ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé iṣẹ́ kan láti Innsbruck ní Austria jáde tó ní sẹ́ẹ̀lì iṣan wo jíjò ìtọ̀ sàn lọ́nà àrà. Ní 2008, wọ́n fà á padà, lẹ́yìn tí àwọn olùyẹ̀wò ìjọba rí i pé kò sí ìlànà tó yẹ nínú bí wọ́n ṣe ṣe é.

FDA, àjọ tó ń fi àṣẹ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, kò tíì fi àṣẹ sí stem cell kankan fún jíjò ìtọ̀. Ewu abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ kì í sábà le: ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, kòkòrò, ìtọ̀ híhá fún ìgbà díẹ̀. Èyí tó le ni kí wọ́n gún nǹkan tó ń mú ara hù síbi tí wọ́n ti yọ jẹjẹrẹ láìkọ́kọ́ wo PSA, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá jẹjẹrẹ prọ́sítéètì ti padà, àti kí ilé ìtọ́jú tí kò mọ́ pò ó. Ní Florida, obìnrin mẹ́ta ló pàdánù ìríran wọn nígbà tí wọ́n gún sẹ́ẹ̀lì ọ̀rá sí wọn lójú. Ìròyìn rẹ̀ jáde nínú ìwé ìṣègùn ní 2017. Ojú kọ́ ni ọ̀nà ìtọ̀, ṣùgbọ́n irú òwò kan náà ni.

Bí ẹnì kan bá fi í lọ̀ yín, ẹ bi í báyìí:

- Kí ni nọ́ńbà ìdánwò yìí? Èyí tó wà lórí ClinicalTrials.gov, ìkànnì tí wọ́n ń forúkọ ìdánwò ìṣègùn sí, máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú NCT. Ẹ wá a fúnra yín, kí ẹ wò ó bóyá jíjò ìtọ̀ ló wà fún, tàbí orúnkún.
- Ṣé èmi ni màá sanwó? Nínú ìdánwò tòótọ́, wọn kì í sábà gba owó sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ aláìsàn.
- Níbo ni wọ́n ti ń pò ó, ta ló fún wọn láṣẹ? Ní Nàìjíríà, ẹ béèrè ìwé NAFDAC àti ti ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí ilé ìwòsàn.
- Ta ló máa wọn páàdì mi ní oṣù kẹta, kẹfà àti kejìlá?

Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè kẹrin yìí, ọjà ló ń tà.

Èwo ni fún ta?

Ẹni tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ: ìdárayá àti páàdì, kò sí méjì. Kódà bí ó bá lówó.

Ẹni tó ti pé ọdún kan, tí òṣùwọ̀n sì ń ka ohun tí kò tó gíráàmù 400, tí wọn ò fi ìtànṣán jó, tí kò fẹ́ tẹ nǹkan kan kó tó tọ̀: ọ̀já. Bí ó bá ju 400 lọ, tàbí tí wọ́n ti fi ìtànṣán jó, tí ọwọ́ àti ọpọlọ sì jí: ẹ̀rọ adènà, bí dókítà tó lè tún un ṣe bá wà níbi tí kò ju ìrìn ọjọ́ kan lọ. Bí irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò bá sí, kọ́ńdọ̀mù ìtọ̀ tó bá a mu dọ́gba sàn ju ẹ̀rọ tó máa bàjẹ́ láìsí olùtọ́jú.

Àgbàlagbà tí ìgbàgbé ti ń mú tàbí tí ìka rẹ̀ kò gbọ́ mọ́: páàdì tàbí kọ́ńdọ̀mù ìtọ̀, kí ẹlòmíràn máa bá a pààrọ̀ rẹ̀.

Stem cell wà fún ẹni tí PSA rẹ̀ kò fi àmì jẹjẹrẹ hàn, tó ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn tí ìdánwò tòótọ́ ti ń lọ, tí kò ní san kọ́bọ̀ lórí sẹ́ẹ̀lì, tó sì gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ abẹ́rẹ́ òfìfo ni wọ́n máa gún òun. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò pọ̀ láàárín wa. Ẹni tó bá fẹ́ ta ilẹ̀ kó lè wọkọ̀ òfuurufú lọ gbà á nílùú òkèèrè, kí ó kọ́kọ́ fi wákàtí 24 wọn páàdì rẹ̀, kí ó sì gbé nọ́ńbà náà lọ bá dókítà ìtọ̀ tí kò ní ìpín kankan nínú owó abẹ́rẹ́ náà.